Àwo Kékeré Bàbá Aago

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, Ìyá Kọ́tìnì bẹ Ọlọ́run títí pé kó jọ̀ọ́, kó là á lóhùn. Ọlọ́run gbọ́. Ó tiẹ̀ gbọ́ jù. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ò ti rójú rímú nínú ilé ara rẹ̀.

Kọ́tìnì ló ń rán, òun náà ni wọ́n fi ń pè é. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Maṣíìnì onífẹsẹ̀tẹ̀ tó ti ń lò láti ìgbà omidan wà níbẹ̀, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ wà níbẹ̀, ìdì aṣọ sì fara ti ògiri títí kan àjà. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, Bàbá Aago ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ ìhàlẹ̀ rẹ̀. "Aago tí ọwọ́ mi bá kàn," á ní, "bó bá fi ìṣẹ́jú kan péré lọ́ra, ẹ pe gbogbo ìlú jọ, kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín." Kò sí ẹni tó pe ìlú jọ. Iṣẹ́ ọkùnrin náà mọ́.

Fóònù ló pa iṣẹ́ náà. Nígbà tí olúkúlùkù ti ń wo àsìkò lójú fóònù, ta ló tún fẹ́ máa gbé aago àtijọ́ kiri? Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá Aago ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé tábìlì rẹ̀ onídúrọ́ọ̀ wẹ́wẹ́ wálé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ, ó jókòó tì í, ó sì panu mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko! Bí ìyàwó bá kí i káàárọ̀, "Hẹn." Bó bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, "Ohun tó bá wà." Bí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó wà nílé ọkọ bá pè pé báwo ni bàbá òun, ìyá rẹ̀ á ní, "Àga wà níbí, bàbá ẹ náà wà níbí. Ìwọ ṣáà dá èwo ni èwo mọ̀." Bí àwàdà ló ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á gidi. Ó ti rí ẹni tó jókòó báyìí rí tí kò dìde mọ́.

Olùkọ́ tó ń gbé lókè ilé wọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ló bá gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú páálí àwo orin kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ohun kéékèèké. Bó bá ṣeé tún ṣe, ẹ máa lò ó. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ bá mi dà á nù." Bàbá Aago wo ẹ̀rọ náà títí. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rìnlá, ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú gíláàsì olójú kan rẹ̀, ó fi sójú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi tún un ṣe. Ó tú u palẹ̀, ó nù ún, ó tò ó padà. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí eré ẹ̀rọ náà padà ti ṣẹ́, kò sì rí ìlò fún un. Ó fi bébà irin tínínrín kan dè é mọ́ ojú kan, ó ní ohun tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, eré kan ti tó o.

Ní ọjọ́ kejìlá, Ìyá Kọ́tìnì wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń sá aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ló bá gbọ́ igbe. "Ìyàwó! Ìyàwó, sáré wá!" Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó fò lé igbá ìfọṣọ, ó wọlé. Ó ti gbà pé ọkọ òun ti ṣubú. Ìdúró ló bá a, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, omijé wà lójú rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín?"

"Gìtá ni."

"Gìtá wo? Níbo ló ti lù yín?"

"Gbọ́ ọ!"

Ó gbọ́. Gìtá oníná kan ń ké nínú àpótí náà bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà mọ́ lọ́wọ́, ìlù ń lé e, fèrèsé ń gbọ̀n. Ìyá Kọ́tìnì jókòó sórí ìdì aṣọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ ní ọjọ́ náà, ó dúpẹ́ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti dẹ́kun ọpẹ́.

Rọ́ọ̀kì láàárọ̀, régè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ká ní orin nìkan ni, bóyá ara ì bá gbà á, àlàyé ló ń pa á lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí ò sọ fún oṣù mẹ́rìnlá ló tú dà lé ìyàwó rẹ̀ lórí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò ní jẹ́ kí orin dé ìdajì kó tó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà sókè.

"O gbọ́ ibi tí gìtá yẹn wọlé sí? Ìlù máa kọ́kọ́ lù. Gìtá á dúró, á fún un láyè. Ìgbà tí ìlù bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ìgbà náà ló máa wá sọ tirẹ̀: ṣáà! Ẹni tó ní sùúrù ló ṣe régè. Àwọn onírọ́ọ̀kì ò ní sùúrù ní tiwọn, gbogbo wọn ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bàbá wọn, mo ń ka ìwọ̀n."

"Aago ni! Aago kan tó jẹ́ pé ibi tí kò ti dún ló dùn jù!"

"Mo ti gbàgbé ìwọ̀n náà o."

"Jẹ́ kí n tún un gbé sí i."

Bó ṣe ń ṣe é fún ìyàwó ló ń ṣe é fún oníbàárà. Obìnrin kan wá wọn kọ́tìnì yàrá kan ṣoṣo. Bàbá Aago jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, fún un, ó ní béèsì ni ilẹ̀ tí gbogbo ilé dúró lé. Nígbà tí obìnrin náà máa fi ráyè jáde, ó ti lo wákàtí méjì, kò sì rántí sọ àwọ̀ aṣọ tó fẹ́. Ìyá Kọ́tìnì lé e bá dé ìta kó tó bi í. Ọjọ́ náà, inú bí i débi pé ó lọ jókòó nínú ilé ìdáná, ó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀.

Ohun tó wá dùn ún jù ni ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Oníṣègùn eyín kan gbé kọ́tìnì mẹ́fà fún un rán. Ó jókòó ti maṣíìnì, ó kó ọkàn rẹ̀ jọ, ó ní òun ò ní gbọ́ nǹkan kan. Etí rẹ̀ ò gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí rọ́ọ̀kì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á máa tẹ maṣíìnì bí ẹni ń sá fún òjò, abẹ́rẹ́ á yà kúrò lójú ìlà. Bí régè bá ti wọlé, ẹsẹ̀ kan náà á máa dúró, á máa ronú, á tẹ̀ ẹ́, á tún dúró. Ó fi abẹ tú etí kọ́tìnì méjì nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ẹsẹ̀ tèmi!" ló ń pariwo. "Ẹsẹ̀ tí mo fi ń jẹun!" Bàbá Aago ní kó fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá mọ régè kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán.

Báyìí ni nǹkan rí kí àwo kékeré tó dé. Abẹ́ páálí ló wà. Kò ju àwo oúnjẹ ọmọdé lọ, ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ gan-an, Bàbá Aago sì ní láti gbẹ́ igi róbótó kan kí ó tó lè jókòó dáadáa. Ìwé àárín rẹ̀ ti ya kúrò, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tó fi sórí ẹ̀rọ, gìtá gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta, ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn ọkùnrin kan sì jáde láti ìsàlẹ̀ ibi kan tó jìn, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó ń kọrin.

Bàbá Aago ò lè gbé abẹ́rẹ́ sókè. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó sọ ọkùnrin náà lórúkọ kíákíá: Ohùn Kànga.

"Régè ni," ó ní, "ṣùgbọ́n régè tí wọ́n fi gìtá rọ́ọ̀kì ṣe. Ẹni yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ti ṣiṣẹ́ títí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ò rí i pé kò kánjú? Ibo ló tún fẹ́ kánjú lọ?"

Lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń gbé e sí i. Ìyá Kọ́tìnì ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, síbẹ̀ ó lè kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, inú sì ń bí i pé òun lè kọ ọ́. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, orin náà parí, ọkọ rẹ̀ ò ṣàlàyé nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa," ó ní, "mo dúró síta, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Mi ò mọ ibi tó yẹ kí n kọjú sí. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ nígbà náà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́." Ó fọwọ́ kan etí àwo náà. "Bó ṣe rí lára mi gan-an nìyí. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n."

Pín-ìnnì ìránṣọ kún ẹnu Ìyá Kọ́tìnì nígbà náà. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú agolo. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí oṣù mẹ́rìnlá yẹn ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó rò pé òun lòun ṣẹ̀ ẹ́. Kó tó rí ohun tó máa sọ, ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé béèsì, ló bá kó pín-ìnnì rẹ̀ padà sẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló gbé kọ́tìnì lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó wà lórí àkàbà tó ń fi ìkọ́ kọ́ wọn, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ tan orin lórí tábìlì rẹ̀. Gìtá gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta, ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Kọ́tìnì di àkàbà mú. Kò sí bí kò ṣe ní dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n orin náà ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ohùn ọmọbìnrin ló sì ń kọ ọ́, ohùn tó mú ṣáṣá.

"Ta ló kọ orin yìí?"

"Àwọn ọmọ kan báyìí ni, mà. Ọmọbìnrin yẹn ò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ nígbà tí wọ́n ṣe é. Rọ́ọ̀kì pọ́nńbélé ni. Ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ rọ́ọ̀kì, mà?"

"Òun ni wọ́n fi ń bọ́ mi. Bàbá tó wà nílé ní àwo rẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin ló ń kọ tiwa. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú."

Ọ̀dọ́bìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé àwo kékeré ni? Eré tí àwo kékeré ń sá ju ti àwo ńlá lọ, mà. Bí ẹ bá fi í sórí ẹ̀rọ tó ń yí bíi ti àwo ńlá, ohùn á wúwo, orin á falẹ̀. Ọmọbìnrin yìí náà ni, mà. Ẹ kàn fà á gùn ni!"

Ìyá Kọ́tìnì rẹ́rìn-ín lórí àkàbà títí ìkọ́ fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Kànga! Ẹni ọgọ́ta ọdún! Bàbá Aago tó ní kí wọ́n pe ìlú jọ bí aago òun bá fi ìṣẹ́jú kan lọ́ra! Láti ibẹ̀ títí dé ojúlé rẹ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Òní ni òun máa gbẹ̀san etí òun.

Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ọkùnrin yìí ò lọ aṣọ fúnra rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Wọ́n pè mí o!" ló kọ́kọ́ sọ. "Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ àwo orin tó máa ń pàdé lókè ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà. Oníbàárà ẹ kan ló ròyìn mi fún wọn. Sátidé yìí, agogo mẹ́rin. Olúkúlùkù máa mú àwo kan ṣoṣo wá, á sọ̀rọ̀ lé e lórí, wọ́n á wá gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá kan níbẹ̀." Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè. "Ohùn Kànga ni mò ń gbé lọ."

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kọ́tìnì ti tò láti òpópónà já bọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń fi ìka tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ìwé. Bí òun bá sọ fún un, ọkùnrin kan ṣoṣo tó mọ bó ṣe rí lára rẹ̀ á di ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kàndínlógún tó ń fò káàkiri, àga á sì padà wá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Bí òun ò bá sọ, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín níwájú àlejò. Ẹni tó bá sì ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ó pinnu pé òun máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ṣé ọkùnrin yìí jẹ́ kó sọ ọ́? Ní Ọjọ́rú, ó ní, "Bàbá wọn, àwo kékeré yẹn..." Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìwọ náà ń ronú nípa rẹ̀!" ó sì fi ogójì ìṣẹ́jú sọ ohun tó rò pé ojú Ohùn Kànga ti rí láyé, títí kan ìyàwó kan tó kọ̀ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi sábẹ́ gíláàsì olójú kan níbi tí kò ti lè ṣàìrí i. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Aago ti fi ẹ̀yìn ìwé náà kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ Sátidé. Kò yí i wò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi àwo náà pamọ́ sáàárín ìdì aṣọ, bóyá wọ́n á lè gbé òmíràn lọ. Ọkùnrin náà wá a, ó wá a, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì débi pé obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ fà á yọ, ó ní, "Òun rèé, ó bọ́ síbẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá.

Ó bá a lọ. Kí ni ì bá tún ṣe?

Òórùn ọ̀dà gba gbogbo àtẹ̀gùn náà kan. Lókè, èèyàn mẹ́jọ jókòó yí ẹ̀rọ kan ká, ẹ̀rọ tó ń dán, tó ní ìdérí gíláàsì. Ọlọ́dà tó ni ilé kí wọn dáadáa, ó fún wọn lága. Ọkùnrin onífìlà kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwo tirẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà ló kan Bàbá Aago. Ó dìde nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀. Láti ibi tí Ìyá Kọ́tìnì jókòó sí, ó ń ka ohun tóun kọ sí òdìkejì.

"Atúnaagoṣe ni mí," Bàbá Aago ní. "Ohun tó bá ń yí, mo mọ eré rẹ̀. Mo mú àgbàlagbà kan wá kí yín lónìí. Kì í kánjú. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ fetí sí bí gìtá ṣe ń dúró dè é."

Ọlọ́dà gba àwo náà, ó wò ó, ó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ọmọbìnrin náà bẹ́ jáde. Gìtá ń sáré, ìlù ń sáré, òun náà ń pariwo lé wọn lórí. Ẹnì kan sín ẹ̀rín, ó gbìyànjú láti gbé e mì. Onífìlà ò gbìyànjú rárá. "Bàbá," ó ní, "àgbàlagbà yín mà ń fò o!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Aago wo ẹ̀rọ. Ó wo àwo. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Ó ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin.

"Hẹn," ó ní, ó sì jókòó.

Hẹn yẹn ni Ìyá Kọ́tìnì gbọ́ tó fi dìde. Inú tó ti ń bí i sí ọkọ rẹ̀ láti oṣù méjì, àwọn ẹni ẹlẹ́ni mẹ́jọ yìí ló rí kó lé lórí. Ó la àárín wọn kọjá. Ó dé ìdí ẹ̀rọ. Bó ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ dá kẹ̀kẹ́ maṣíìnì rẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ bá ti dé kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló gbé ọwọ́ lé etí àwo tó ń yí.

"Ẹ fọwọ́ kúrò, mà! Ẹ máa ba ẹ̀rọ mi jẹ́!"

"Mi ò ní fọwọ́ kúrò. Ẹ̀rọ yín ń kánjú. Ẹ ti rẹ́rìn-ín, ó ti tó. Ohun tó ní kí ẹ wá gbọ́ rèé, ẹ gbọ́ ọ."

Orin náà mì, ó wọ́ tìtì, ó rẹlẹ̀. Ogójì ọdún lọ́wọ́ yẹn ti ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, kò gbọ̀n. Ọmọbìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, Ohùn Kànga sì gòkè wá pàdé rẹ̀. Gìtá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ti tán nínú yàrá náà. Ọlọ́dà sún mọ́ ọn, ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì yí bọ́tìnnì kan lábẹ́ ẹ̀rọ, orin náà wá dúró sójú eré náà gan-an, kò mì mọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

"Ogún ọdún ni mo ti ní àwo yìí nílé," onífìlà ní, fìlà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́."

Lójú ọ̀nà, Bàbá Aago ò sọ̀rọ̀. Ó gbé àwo náà mọ́ àyà, ó ń rìn. Wọ́n kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù tóóró náà tó ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ìyá Kọ́tìnì tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá rántí ohun tí àdúrà ìṣáájú fà, ó dá àdúrà náà dúró.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ọkọ rẹ̀ ní.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"O ò wá sọ fún mi."

"Ìgbà wo?" Obìnrin náà yí padà sí i lójú títì, kò bìkítà ẹni tó ń wò wọ́n. "Bàbá wọn, ìgbà wo? Ìgbà wo lẹ panu mọ́ kí n tó sọ ọ́? Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi kọ̀wé! Mo fi àwo pamọ́, ẹ fẹ́ sunkún! Ojú mi ti rí nǹkan lọ́dọ̀ yín!"

Bàbá Aago mú ìwé náà jáde lápò, ó tú u, ó yí i. Ó kà á lórí ìdúró. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, obìnrin náà sì rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ògiri ẹnì kan mú.

"Ọlọ́dún mọ́kàndínlógún," ó ní. "Áà, ọmọ yìí ti fojú mi rí màbo!"

Nígbà tí wọ́n délé, kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi gíláàsì sójú, ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó yọ bébà irin yẹn kúrò, ó sì fi ìdajì wákàtí ṣe bọ́tìnnì tuntun. Ó gbé àwo sí i, ó jẹ́ kó sáré. Ọmọbìnrin náà pariwo tirẹ̀ tán. Ó yí bọ́tìnnì, ó tún un gbé sí i, ó jẹ́ kó falẹ̀.

"Ẹnì kan náà ni," ó ní. "O rí i? Ti àkọ́kọ́ ni ìgbà tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Eléyìí, ó ti lọ, ó ti dé. Gbọ́ béèsì yẹn, béèsì yẹn ò yí padà, ilẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń..."

Ìyá Kọ́tìnì ti jókòó ti maṣíìnì. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

"...ẹsẹ̀ ló ń pẹ́ kó tó balẹ̀, nítorí náà gìtá ní láti..."

"Bàbá wọn!" ó ní. "Mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́, kí n gbọ́ orin mi."